Ta Ló Di Ẹrù Yẹn?

Ní àdúgbò wa ní Kirikiri, bí oṣù Kẹjọ bá ti ń lọ sópin, imú ni ẹ ó fi mọ ilé tí ọmọ wọn ti gba físà. Òórùn edé gbígbẹ, irú àti èlùbọ́ á gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, á jáde sí títì. Ìyá ọmọ á ti dé ọjà Boundary ní Ajégúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n á yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ará ilé kejì, wọ́n á gbé e sáàárín pálọ̀, ìjà kílò á sì bẹ̀rẹ̀. Yọ bàtà yẹn kúrò, gaàrí ò tíì wọlé. Ta ló ní kí ẹ di aṣọ òtútù mẹ́ta, ṣé wọn kì í ta aṣọ ní London ni? Kílò mẹ́tàlélógún ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ń gbà fún báàgì kan, mi ò sì tíì rí ìyá tó dì í tí kò lé.

Àárín ìjà yìí gan-an ni ẹnìkan máa ń kan ilẹ̀kùn. Kì í ṣe àjèjì. Ó lè jẹ́ ará ṣọ́ọ̀ṣì, ó lè jẹ́ ìyá tó ń ta omi tútù lẹ́nu ọ̀nà, ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n ọmọ náà. Ó mú náílọ́ọ̀nù dúdú kan lọ́wọ́, ó ti fi sẹ́lótéèpù wé e yípo yípo. "Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ bá mi fi sí i. Àbúrò mi á wá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ní Manchester. Ata ni, ata lásán."

Nítorí ata lásán yìí ni mo ṣe jókòó kọ ìwé yìí.

Ẹni tó ń gbé Kirikiri kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kó má wo apá ibi tí odi gíga wà. Láti 1955 ni ọgbà ẹ̀wọ̀n ti wà ní abúlé yìí, orúkọ abúlé sì ti di orúkọ ẹ̀wọ̀n lẹ́nu gbogbo Nàìjíríà, débi pé tí mo bá sọ ibi tí mò ń gbé fún awakọ̀ ní Ìkẹjà, ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ rín. Ọgbà tí ìṣọ́ rẹ̀ le jù lọ wà níbẹ̀, èyí tí ìṣọ́ rẹ̀ mọ níwọ̀n wà níbẹ̀, ti àwọn obìnrin náà wà níbẹ̀. Ní Kirikiri yìí ni wọ́n ti yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹrin, ọdún 1985, nítorí oògùn olóró. Òfin tí ìjọba ológun Buhari gbé jáde lọ́dún 1984, Decree 20, ni wọ́n fi dá wọn lẹ́jọ́, wọ́n sì jẹ́ kó mú ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kí òfin náà fúnra rẹ̀ tó dé. Ariwo gba ìlú kan. Nígbà tó di 1986, ìjọba Babangida yọ ikú kúrò nínú òfin náà, ó fi ẹ̀wọ̀n rọ́pò rẹ̀. 1989 ni wọ́n dá NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, sílẹ̀, ẹ̀wọ̀n gbére sì wà nínú òfin tó dá wọn sílẹ̀ fún ẹni tó bá gbé kokéènì tàbí hẹrọ́ìnì wọ ìlú tàbí jáde nílùú.

Ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ọmọ ilé ìwé. Ẹni tó ń ṣòwò oògùn olóró kò fẹ́ gbé e fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń wá ni ẹni tí báàgì rẹ̀ kò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ta ló sì yẹ kí báàgì rẹ̀ máa rùn fún edé, kí gaàrí máa dà níbẹ̀, kí ọṣẹ dúdú àti ìpara irun kún inú rẹ̀, bí kò ṣe ọmọ tó ń lọ síbi tí kò mọ ẹnìkan? Àìmọye ìgbà ni NDLEA ti kéde pé àwọn rí oògùn nínú edé, nínú ìpara, nínú àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, nínú oúnjẹ tí wọ́n dì bí ẹni pé ìyá ló dì í fún ọmọ. Oúnjẹ tó yẹ kó mú ọmọ rántí ilé náà ni wọ́n ń sá sí lẹ́yìn.

Ní pápákọ̀ òfurufú, ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń bi èrò tí ọ̀pọ̀ wa ń dáhùn láìronú: ṣé ìwọ lo di ẹrù yìí fúnra rẹ? Bẹ́ẹ̀ ni, ni gbogbo ọmọ ń sọ. Irọ́ ni. Màmá ló di òkè, àǹtí ló di ìsàlẹ̀, ará ṣọ́ọ̀ṣì ló ti náílọ́ọ̀nù bọ ẹ̀gbẹ́. Ọmọ náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọṣẹ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni tó ti sọ yẹn, òun ló ti fi ọwọ́ sí i, ẹni tí báàgì bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú. Àlàyé dẹ̀yìn.

Wọ́n ti gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wá bá èmi náà rí. Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin ń lọ, obìnrin kan láti Olódì wá sílé wa ku ọ̀la kó wọkọ̀. Ata náà ló mú wá. Mo ní kó jókòó, mo bu omi fún un, mo wá lọ mú asẹ́ ògì àti bébà. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká tú u." Ojú rẹ̀ yí padà. "Ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?" Mo ní mo fọkàn tán yín, àwọn tó ń yẹ báàgì wò ni kò mọ̀ yín. Mo gé sẹ́lótéèpù, mo da gbogbo rẹ̀ sórí asẹ́, mo sẹ́ ẹ. Ata ni. Ata gbígbẹ, tó mú gbogbo ilé sín, tí ọmọ mi sá jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Mo tún un dì níṣojú rẹ̀, ó sì dé Manchester láìsí ìjàm̀bá. Obìnrin náà kì í kí mi dáadáa mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń kí i kó tó dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Mo fara mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ohun tí mo ṣe yìí, ẹ mọ̀ ṣáájú pé ẹ lè pàdánù ẹnìkan nítorí ata tó jẹ́ ata lóòótọ́.

Ohun tí ẹ kò bá lè tú, ẹ má gbà á rárá. Agolo tí wọ́n ti lẹ̀, ìgò ìpara tí a kò tíì ṣí, odindi ọṣẹ, ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, bàtà tuntun tí wọ́n ní kí ẹ bá àwọn gbé fún ọkọ ìyàwó. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti sọ pé kílò ti kún. Bí kò bá tilẹ̀ tíì kún, ẹ̀ẹ̀kan náà nìyí tí irọ́ máa dára. Ẹni tó máa gbé báàgì ni kó dì í pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, kó ti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kí báàgì náà má sùn sílé ẹlòmíràn, kó má sì wà lẹ́yìn ọkọ̀ ẹni tó kàn ní òun á gbé wa dé pápákọ̀.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ewu kan ṣì kù, ọmọbìnrin ará Kano kan ló jẹ́ ká mọ̀ ọ́n. Zainab Aliyu jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, òun àti ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ṣe Umrah. Láti pápákọ̀ Kano ni wọ́n ti wọkọ̀. Àwọn kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mú báàgì tí oògùn ara ríro tí wọ́n ń pè ní tramadol kún inú rẹ̀, wọ́n so bébà orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn, báàgì náà sì bá a dé Saudi Arabia, ìlú tí wọ́n ti ń bẹ́ orí ẹni tó bá gbé oògùn olóró wọlé. Wọ́n mú ọmọ náà. Oṣù mẹ́rin ló lò látìmọ́lé. NDLEA ló mú àwọn tó so bébà náà, ìjọba Nàìjíríà bá ìjọba Saudi Arabia sọ ọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń pariwo lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù Kẹrin, 2019. Nítorí náà, tí wọ́n bá ti so bébà mọ́ báàgì yín, ẹ ka iye èyí tí wọ́n fún yín lọ́wọ́. Báàgì méjì, bébà méjì. Bí wọ́n bá já mẹ́ta fún yín, ẹ má kúrò níwájú ẹni yẹn. Ẹ ya fọ́tò báàgì yín lóde àti nínú, ẹ jẹ́ kí òṣùwọ̀n hàn nínú fọ́tò, ẹ fi ránṣẹ́ sílé kí ẹ tó wọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ tramadol mú mi rántí oògùn tí à ń rà lọ́wọ́ kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà. Láti 2014 ni tramadol ti wà lára oògùn tí òfin dè ní Bìrìtìkó, ẹni tí kò ní ìwé dókítà kò gbọdọ̀ ní in lápò. Oògùn ẹ̀yìn ríro tí màmá fẹ́ kí ọmọ máa fi tọ́jú ara lè di ẹjọ́. Bí ọmọ bá ní àìsàn tó ń lo oògùn sí, kó gba ìwé dókítà tí orúkọ oògùn wà nínú rẹ̀, kó má sì tú oògùn kúrò nínú páálí rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, mo mọ̀ pé ibí yìí ni àwọn ìyá máa ti bá mi jà. Bìrìtìkó kò gba ẹran àti wàrà láti Nàìjíríà. Ẹran gbígbẹ wà nínú rẹ̀, kílíṣí wà nínú rẹ̀, súyà tí ẹ ra ní Berger ní ọ̀sán ọjọ́ tí ẹ ń lọ wà nínú rẹ̀, pọ̀nmọ́ náà kò yọ sílẹ̀. Wọ́n á gbà á, wọ́n á sọ ọ́ nù níṣojú ọmọ. Wọ́n gba ẹja ní ìwọ̀n tí èèyàn lè jẹ fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ lè fi pańla àti edé sí i. Ẹ̀wà tún ní ìtàn tirẹ̀. Oṣù Kẹfà ọdún 2015 ni àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí Bìrìtìkó wà nínú rẹ̀ nígbà náà, fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, nítorí oògùn kòkòrò tí wọ́n ń pè ní dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n.

Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí à ń jà lé lórí òṣùwọ̀n yìí wà lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá ti dé Rye Lane ní Peckham, tàbí ọjà Ridley Road ní Dalston, á rí iṣu, á rí ọ̀gẹ̀dẹ̀, á rí ata rodo tí wọ́n tò bí ẹni pé ọjà Boundary ni. Ó wọ́n ju tiwa lọ, mi ò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi iye rẹ̀ wé iye tí agbẹjọ́rò ń gbà.

Àwọn mìíràn kì í dúró de ẹni tó ń lọ, wọ́n á fi kágò ránṣẹ́. Àwa tí à ń gbé láàárín Apapa, Tin Can àti omi Kirikiri, kágò kò ṣàjèjì sí wa. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀ gbọ́ ni èyí: ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ìfiránṣẹ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá bí wọ́n bá rí oògùn nínú páálí náà. Wọ́n á fún ọ̀dọ́ kan ní owó táṣẹ́rẹ́, wọ́n á ní kó lọ fi NIN rẹ̀ bá àwọn fi páálí oúnjẹ ránṣẹ́ sí "ọmọ àwọn tó wà nílé ìwé". Owó ọkọ̀ ló ń wò. Nígbà tí wọ́n bá wá a dé, àwọn tó rán an á ti pa fóònù.

Ìfẹ́ láti rí ibi tó dà bí ilé kì í ṣe ohun tuntun, ẹni tó ń fẹ́ lo ìfẹ́ yẹn kì í sì í ṣe ti òní. Ládìpọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, dé Bìrìtìkó lọ́dún 1922 láti kọ́ nípa òfin. Nígbà yẹn, onílé púpọ̀ ní London ni kì í gba aláwọ̀ dúdú sílé. Ọmọ tó ní owó lọ́wọ́ á máa rìn láti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn nínú òtútù. Ní ọjọ́ keje, oṣù Kẹjọ, 1925, òun àti Dókítà Bankole-Bright ti Sierra Leone pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí WASU. Ilé ni wọ́n fẹ́. Ṣólańkẹ́ padà sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́dún 1929, ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, ó ń tọrọ owó títí di 1932. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣí ilé náà ní Camden Road. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ á rí bẹ́ẹ̀dì, á rí ẹni tó ń sọ èdè rẹ̀, á rí oúnjẹ tó mọ̀, á sì rí ìwé ìròyìn ilé kà.

Ọdún 1934 ni ọ́fíìsì tó ń ṣàkóso àwọn ìlú tí Bìrìtìkó mú sìn ṣí ilé tiwọn fún akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú ní London, wọ́n pè é ní Aggrey House. Ìrọ̀rùn wà níbẹ̀. Àwọn WASU kọ̀ ọ́, wọ́n ní kí àwọn ọmọ Áfíríkà má wọ ibẹ̀. Ìdí wọn ni pé ìjọba fẹ́ fi ilé náà máa ṣọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òmìnira. Ohun tí wọ́n ń béèrè nígbà yẹn ni èmi náà ń béèrè ní pálọ̀ mi: ta ló ń san owó ìtọ́jú yìí, kí ló sì ń wá? Owó ilé Camden Road, wọ́n mọ ọwọ́ tó ti wá, torí ọba, oníṣòwò àti mẹ̀kúnnù ló dá a.

Ẹ gbé ìbéèrè yẹn lọ sórí ọ̀rọ̀ owó, ibi tí ó ti ń jó jù lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, bí 460 náírà ni wọ́n ń gba dọ́là kan ní báńkì. Kí oṣù Kejì 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Òbí tó ti ta ilẹ̀ fún owó ilé ìwé rí i pé ilẹ̀ náà kò tó ìdajì mọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, BBC gbé ìròyìn àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Yunifásítì Teesside tí wọ́n yọ kúrò nílé ìwé nítorí owó tí wọn kò rí san lásìkò, tí wọ́n sì ní kí àwọn kan kúrò nílùú. Nínú irú wàhálà yìí ni ọlọ́wọ́ rírọ̀ ń dé. Oríṣi mẹ́ta ni mo ti rí.

Èkíní á ní òun lè bá yín san owó ilé ìwé ní ẹ̀dínwó. Ẹ fún òun ní náírà, òun á san pọ́ùn, ẹ ó sì rí i nínú àkáǹtì ilé ìwé lójú yín. Ẹ ó rí i lóòótọ́. Káàdì báńkì ẹlòmíràn tí wọ́n jí ló fi san án. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹni tó ni káàdì á ké sí báńkì rẹ̀, báńkì á gba owó rẹ̀ padà, gbèsè á wá wà lọ́rùn ọmọ yín bíi ti tẹ́lẹ̀, náírà yín á sì ti lọ.

Èkejì ni pàṣípààrọ̀ orí WhatsApp. Ọmọ yín ní Leeds nílò pọ́ùn, ẹnìkan níbẹ̀ fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sílé. Ẹ san náírà fún màmá rẹ̀, á san pọ́ùn fún ọmọ yín. Láàárín ẹni méjì tó mọ ara wọn, mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é, mi ò ní ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Ṣùgbọ́n nínú àkójọ tí èèyàn 500 wà, ẹ kò mọ ibi tí pọ́ùn yẹn ti wá. Bó bá jẹ́ owó tí wọ́n fi jìbìtì gbà lọ́wọ́ arúgbó kan ní Wales, àkáǹtì ọmọ yín ló dé sí.

Ẹ̀kẹta ló burú jù, ó sì dà bíi pé kò ní wàhálà kankan: "Jẹ́ kí owó kan gba àkáǹtì ẹ kọjá, mú ìdá kan nínú mẹ́wàá." Ọmọ tí kò tíì jẹun láti àná á rò pé Ọlọ́run ló dá òun lóhùn. Àkáǹtì olè ló ti ya yẹn. Ọdún mẹ́rìnlá ni òfin Bìrìtìkó lè fi ẹni tó bá bá olè fọ owó pamọ́ sẹ́wọ̀n. Kódà bí kò bá dé ilé ẹjọ́, báńkì á ti àkáǹtì náà pa, orúkọ ọmọ náà á sì wà nínú ìwé Cifas, níbi tí gbogbo báńkì ti ń wo orúkọ oníjìbìtì, fún ọdún mẹ́fà. Kò ní rí àkáǹtì ṣí, kò ní rí fóònù gbà ní díẹ̀díẹ̀. Ẹ ronú bí ẹni tí kò ní àkáǹtì báńkì ṣe máa gba owó oṣù ní ìlú yẹn.

Ní ti ilé gbígbé, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ẹ má san owó ilé tí ẹnìkan tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé kò tíì wọ inú rẹ̀. Fọ́tò kì í ṣe ilé. Ní England, òfin 2019 ní owó àsansílẹ̀ tí onílé ń gbà pamọ́ kò gbọdọ̀ ju owó ilé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ, àyàfi ilé àwọn olówó ńlá. Onílé sì gbọ́dọ̀ fi owó náà sọ́dọ̀ àjọ tí ìjọba fọwọ́ sí láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹni tó bá ní kí ẹ san ti oṣù mẹ́ta sí àkáǹtì aládàáni kí kọ́kọ́rọ́ tó jáde, ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́.

Àwọn kan á pe ọmọ lórí fóònù, wọ́n á ní Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba Bìrìtìkó tó ń rí sí físà, làwọn, wọ́n á dárúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀, wọ́n á ní nǹkan kan kò pé nínú físà rẹ̀, kó san owó báyìí kí ọlọ́pàá má baà dé. Ìjọba Bìrìtìkó kì í gba owó físà báyẹn. Kó pa fóònù. Lẹ́yìn náà kó lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè ní yunifásítì rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn ọmọ wa ṣe ń sanwó fún ẹ́jẹ́ńtì tí kò mọ nǹkan, nígbà tí ẹni tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ nínú owó ilé ìwé jókòó lọ́fíìsì tó ń dúró dè wọ́n.

Bákan náà ni ti ilé ìwòsàn. 776 pọ́ùn lọ́dún ni akẹ́kọ̀ọ́ ń san fún ìtọ́jú nígbà tó ń gba físà, láti oṣù Kejì 2024. Ẹ ti san án. Síbẹ̀ ẹ ó rí ọmọ tó ń ṣàìsàn nínú yàrá, tó ń dúró de ẹni tó máa bá a gbé oògùn bọ̀ láti Ajégúnlẹ̀, a sì tún padà sídìí náílọ́ọ̀nù dúdú. Ní ọ̀sẹ̀ tó bá dé ni kó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò. Nọ́ńbà 111 wà fún ìmọ̀ràn, 999 wà fún pàjáwìrì, kò sì ní sanwó kí dókítà tó rí i.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń wọ ọkọ̀ òfurufú. Kẹ̀kẹ́ Márúwá á gbé wa dé Mile 2, bọ́ọ̀sì á sì ti ibẹ̀ gba ọ̀nà Badagry lọ sí Ṣẹ̀mẹ̀ àti Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Benin. Àwọn ẹ́jẹ́ńtì ibẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀: ilé ìwé ń bẹ, ibùgbé ń bẹ, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni, oúnjẹ Yorùbá ń bẹ. Ní oṣù Kejìlá 2023, akọ̀ròyìn Daily Nigerian kan kọ bí òun ṣe gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí oṣù Kìíní 2024 wọlé, ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà dáwọ́ gbígba ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró, tàwọn tó jókòó kàwé lóòótọ́ sì bá a lọ. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wádìí lọ́wọ́ ìjọba Nàìjíríà àti ti ìlú tí ilé ìwé náà wà bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n. Kí ẹ sì rán ẹnìkan lọ wo ilé ìwé náà ní ọjọ́ Tuesday, nígbà tó yẹ kí kíláàsì kún.

Bí ọmọ bá ti wọ inú ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí ńkọ́? Ẹ má na án lórí fóònù. Ọmọ tí ẹ̀rù ìyá rẹ̀ bá ń bà á á fi pamọ́ títí á fi di ẹjọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó, kó pe báńkì rẹ̀ kí báńkì tó pè é, kó má fọwọ́ kan owó náà, kó sì lọ bá àwọn olùdámọ̀ràn ní yunifásítì rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Bó bá jẹ́ ẹrù tí kò tíì fi ilé sílẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín, ní ọ̀sán gangan, níṣojú ẹni mẹ́ta. Bí ẹ bá fura pé oògùn ni, ẹ má tú u, ẹ má jù ú sínú omi Kirikiri, ẹ lọ sọ fún NDLEA, kí ọmọ má sì rin ìrìn náà lọ́jọ́ yẹn.

Ọmọ mi pè mí ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Ó ní ata tí mo dì fún un ti tán, ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ń bọ̀ láti Èkó lóṣù tó ń bọ̀, ṣé mi ò lè fi díẹ̀ rán an. Mo bi í pé ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Ghana tó wà ní ìkángun àdúgbò rẹ̀ ńkọ́. Ó ní ata tiwọn kò ta. Mo ní kó fi méjì kún un.